Àṣírí Géèmù Wa àti Gúrúùpù Àdúrà Màmá Mi

Ẹni méjì péré ló mọ̀ pé mò ń lọ: màmá mi àti pásítọ̀ wa. Àwọn yòókù ní kúlóòsì wa, òpópónà kékeré tí à ń gbé ní Festac, orí ayélujára ni wọ́n ti rí àwòrán mi nínú ẹ̀wù òtútù, tí wọ́n wá ń bi ara wọn léèrè pé ṣé èmi kọ́ ni wọ́n rí lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Bí a ṣe máa ń lọ sókè òkun lọ́dọ̀ wa nìyẹn. O ò ní sọ pé o gba físà. Bí wọ́n bá bá ọ níbi tí o ti ń ra báàgì ńlá, wàá ní ẹ̀gbọ́n rẹ kan ló rán ọ. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ bá kanlẹ̀ lọ́hùn-ún tán ni màmá rẹ máa jáde lọ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Mi ò rí ohun tó burú nínú rẹ̀ nígbà náà. Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, màmá mi sì máa ń sọ ọ́ ju àwọn àgbà lọ. Ṣùgbọ́n Mummy Ẹbùn, tó ń gbé fúláàtì tó dojú kọ tiwa, tó jẹ́ pé ilé rẹ̀ ni mo ti ń jẹun ọ̀sán láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí mo fi wọ yunifásítì, kò bá màmá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì gbáko. Ó ní, “Tẹ́ ẹ bá ń bẹ̀rù àwọn ará ìta, kò burú. Èmi ńkọ́?”

Ìlú kan létí omi ní Scotland ni mo bọ́ sí. Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí níbẹ̀ kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ fún mi nípa òtútù, mo sì ti múra sílẹ̀ dè é. Ìdákẹ́rọ́rọ́ ni. Mo jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, mi ò gbọ́ jẹnẹrétọ̀, mi ò gbọ́ ẹni tó ń gbàdúrà lójú fèrèsé, mi ò gbọ́ ẹni tó ń pariwo pé kí ọmọ òun wá fọ abọ́. Mo rò pé etí mi ti di nínú ọkọ̀ òfúrufú. Mo jáde sẹ́nu ọ̀nà, mo kí ọkùnrin tó ń gbé lápá òsì mi pé ẹ káàárọ̀, ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíì ni mò ń kí.

Ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe géèmù orí kọ̀ǹpútà ló gbà mí síṣẹ́. Wọn ò ju mẹ́rìnlá lọ, nínú ọ́fíìsì kan tó wà lókè ilé tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì. Kí n tó kúrò nílé, mo ti ń ya àwòrán tó ń rìn fún àwọn kan nítòsí Apple Junction ní Amuwo-Odofin, èyí tí wọ́n fi ń polówó ọṣẹ àti ìpara. Ilé ni mo mọ̀ ọ́n yà jù: ògiri, àtẹ̀gùn, fèrèsé, páànù tó ti dípẹtà. Ẹni tó bá dàgbà ní Festac, tó ń gun àtẹ̀gùn kan náà lójoojúmọ́ fún ogún ọdún, kò sí bí kò ṣe ní mọ bí ògiri ṣe ń gbó. Àwọn òyìnbó yìí rí iṣẹ́ mi, wọ́n ní kí n wá máa ya ilé fún géèmù àwọn.

Ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́ náà ń jẹ́ Callum. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, irun rẹ̀ ti funfun, síbẹ̀ ó ní kí n máa pe òun ní Callum. Mo gbìyànjú, ẹnu mi kọ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò pè é ní nǹkan kan. Bí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, màá lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀, màá wúkọ́. Fiona, obìnrin tó ń bójú tó ìpolówó, ló wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé ṣé kí àwọn bá mi wá dókítà ni.

Géèmù tí a ń ṣe nígbà náà ti jáde báyìí, nítorí náà mo lè sọ ọ́ tán fún yín láìbẹ̀rù. Ìwọ tí o bá ń gbá a, akólẹ́tà ni ọ́ ní erékùṣù kan, kẹ̀kẹ́ lo sì fi ń pín lẹ́tà kiri. Ìyá àgbà kan wà ní ilé tó gbẹ̀yìn, létí òkun, tó ń retí lẹ́tà ọmọ rẹ̀ tó lọ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. O ń gbé lẹ́tà lọ fún un, ó ń kà á sí ọ létí, inú rẹ̀ ń dùn: ara ọmọ le, oúnjẹ ń lọ lẹ́nu rẹ̀, ibi iṣẹ́ dára. Ó di agbedeméjì kí o tó ṣí dúrọ́ọ̀ kan nínú yàrá ara rẹ, kí o wá rí i pé ìwọ akólẹ́tà gan-an lo ń kọ àwọn lẹ́tà náà. Ọmọ yẹn ti kú sómi tipẹ́tipẹ́. Ní ìparí, ó hàn pé ìyá àgbà mọ̀ láti orí lẹ́tà àkọ́kọ́. Akólẹ́tà ló ń retí, kì í ṣe lẹ́tà.

Ìṣẹ́gun mi àkọ́kọ́ níbẹ̀ kò tóbi. Wọ́n fi hàn mí bí ìyá àgbà ṣe ń gba lẹ́tà lẹ́nu ọ̀nà, tó sì ń ya àpò rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ láti kà á. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí ló dé. Mo ní ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ láti ìsàlẹ̀ òkè wá bá ọ, o ò tíì bu omi fún un, o ti ń ya lẹ́tà, ta ló tọ́ ọ dàgbà? Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Callum nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ìyá àgbà ti ń gbé ife omi jáde kó tó na ọwọ́ gba lẹ́tà. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo jó. Ọjọ́ yẹn náà ni mo kọ́kọ́ pe ọ̀gá mi ní Callum, ojú sì tì mí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àríyànjiyàn kan wà ní ọ́fíìsì yẹn tó ti wà kí n tó dé: kí ni kí a fi han ayé nínú géèmù yìí kó tó jáde, kí sì ni kí a fi pamọ́?

Callum ní ká má fi nǹkan kan hàn. Géèmù rẹ̀ tó ṣáájú, gbogbo ibi tó dùn jù ni wọ́n kó sínú fídíò ìpolówó. Nígbà tí ó wá jáde, àwọn èèyàn ní àwọn ti rí i tán, kí làwọn tún fẹ́ gbá níbẹ̀? Ilé iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kógbá wọlé. Látìgbà náà, bí o bá ní kí Callum sọ orúkọ ara rẹ̀ fún oníròyìn, yóò kọ́kọ́ rò ó. Fídíò kékeré kan ló jẹ́ kí Fiona gbé jáde: kẹ̀kẹ́, òkun, ilé mélòó kan tí mo yà. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn èèyàn ń kọ ọ́ sí pé ṣé kẹ̀kẹ́ nìkan làwọn fẹ́ máa gùn láàárọ̀ lálẹ́ ni.

Fiona ní tirẹ̀ ní ẹni tí kò bá mọ ohun tó wà nínú ìkòkò kò ní gbé abọ́ wá. Ó tún ní ọ̀rọ̀ mìíràn tó wúwo ju ìyẹn lọ. Ó ní àwọn kan wà láyé yìí tí ọmọ wọn ti kú. Wọ́n á torí kẹ̀kẹ́ àti òkun wá, inú wọn á máa dùn, a ó wá ṣí dúrọ́ọ̀ yẹn sí wọn lójú. Ó ní ṣé ìyẹn kì í ṣe ẹ̀tàn? Callum ní tí a bá kìlọ̀ fún wọn, a ti sọ àṣírí náà nìyẹn. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ń dé orí ọ̀rọ̀ yìí, tí wọ́n á jọ máa pòyì ká ojú kan náà títí oúnjẹ ọ̀sán.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n bi mí pé kí lèmi rò. Mo ní ibi tí Callum bá wà ni mo wà. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Èmi tí mo fi Mummy Ẹbùn sílẹ̀ láìdágbére, ṣé èmi ni màá wá máa pàṣẹ pé kí wọ́n kéde nǹkan? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Fiona ò kúrò lọ́kàn mi. Mo mọ ohun tí ó máa ń ṣe èèyàn tí wọ́n bá fi gbogbo nǹkan pamọ́ fún un, tí ó wá bá a lójijì lójú ọ̀nà.

Gbogbo wa la fọwọ́ síwèé pé a ò ní sọ ohun tó wà nínú géèmù náà fún ẹnikẹ́ni, ìyá ni, ọkọ ni. Fún àwọn yòókù, ìwé lásán nìyẹn. Fún èmi, físà mi so mọ́ iṣẹ́ náà. Bí iṣẹ́ bá bọ́, àkókò díẹ̀ ni ìjọba wọn máa fún mi kí n wá òmíràn tàbí kí n di ẹrù mi. Mo ro bí màá ṣe padà wọ kúlóòsì tí mi ò ti dágbére fún ẹnikẹ́ni, mo sì pa ẹnu mi dé.

Màmá mi máa ń pè mí ní gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn.

“Iṣẹ́ ńkọ́?”

“Iṣẹ́ ń lọ, Mà.”

“Ṣé ò ń jẹun dáadáa?”

“Mò ń jẹun, Mà.”

“Weather ńkọ́?”

“Ó tutù, Mà.”

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn fún oṣù mélòó kan, títí màmá mi fi sọ lọ́jọ́ kan pé, “Ṣé o mọ̀ pé bí ẹni tó ń fill form lo ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀? Ọmọ tí mo bí, mi ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Tí wọ́n bá bi mí, mo máa ń ní computer ni. Computer báwo? Ṣé ò ń tà á ni?”

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òjò dè mí mọ́lé lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, mo ṣàkíyèsí pé láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹnu mi ò tíì yà láti bá ẹ̀dá kan sọ̀rọ̀, àfi “ẹ má bínú” tí mo sọ fún obìnrin kan tí mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé fóònù. Mo sọ géèmù náà fún màmá mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kẹ̀kẹ́, ìyá àgbà, ife omi tèmi, dúrọ́ọ̀, gbogbo rẹ̀. Mi ò gbádùn wákàtí kan báyẹn rí látìgbà tí mo ti dé ìlú yẹn.

Nígbà tí mo parí, mo gbọ́ tí màmá mi jókòó.

“Jésù,” ló kọ́kọ́ sọ. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ọmọ yẹn ò kọ lẹ́tà kankan?”

“Rárá, Mà.”

“Gbogbo mo wà dáadáa, mò ń jẹun, ibi iṣẹ́ dára, ẹlòmíì ló ń kọ ọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.”

“Ìwọ ńkọ́? Èyí tí ò ń sọ fún mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ta ló ń kọ ọ́?”

Ẹkún gbọ̀n mí. Mi ò mọ ibi tó ti wá. Mo sọ òótọ́ fún un lọ́jọ́ yẹn: pé ìdúró ni mo máa ń jẹ búrẹ́dì nínú kíṣìnì nítorí tí mo bá jókòó sídìí tábìlì, àga kejì tó ṣófo ni mo máa ń wò, pé ìgbà kan wà tí mo wọ bọ́ọ̀sì tí mi ò ní ibi kankan tí mò ń lọ, kí n ṣáà lè jókòó ti èèyàn. Màmá mi ò bá mi wí. Ó kọrin fún mi lórí fóònù bó ṣe máa ń kọ ọ́ tí ibà bá ń ṣe mí. Ó rẹ̀ mí nígbà tí a ṣe tán, ṣùgbọ́n ó dà bí ìgbà tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí mi. Mo sun oorun ọ̀sán.

Ìgbà tí mo jí ni mo rántí ìwé tí mo fọwọ́ sí. Mo sáré pè é padà.

“Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni o.”

“Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?”

Mo mọ màmá mi. Ìbéèrè ló fi dá mi lóhùn, kò ṣèlérí.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí géèmù jáde. Ọjọ́rú ni, mo ń gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì lọ láàárọ̀, òórùn búrẹ́dì gba gbogbo ibẹ̀, ni fóònù mi dún. Tómi ló kọ̀wé ránṣẹ́. Ọmọ kúlóòsì wa ni Tómi, báńkì kan ní Alákijà ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tó bá ti di òpin ọ̀sẹ̀, fídíò nípa géèmù ló máa ń ṣe sórí ayélujára, èrò tó ń wò ó sì pọ̀. Ó kọ ọ́ pé: “Ẹ̀gbọ́n mi, good morning ma. So ẹ̀yin lẹ wà nídìí game akólẹ́tà yẹn, ẹ ò wá sọ fún èèyàn! Mummy yín ti drop ẹ̀ ní prayer group o. Gbogbo close ló ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, this thing mad gan.”

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta níbi tí mo dúró sí. Mo pe màmá mi, fóònù rẹ̀ ti kú; Ọjọ́rú ni ọjọ́ ààwẹ̀ wọn, kì í tan fóònù títí wọ́n á fi ṣínu. Mo pe Tómi, kò gbé e; ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo kọ̀wé sí i pé kó jọ̀ọ́, kó fi ohun tí màmá mi sọ ránṣẹ́ sí mi. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnu mi ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi náà ni. Màmá mi wulẹ̀ bá mi gbé ọ̀rọ̀ náà dé orígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Festac ni.

Ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n dákẹ́. Ta ló gbọ́ Yorùbá ní Scotland? Ṣùgbọ́n Tómi gbọ́ ọ, àwọn tó ń wo fídíò rẹ̀ sì wà káàkiri ayé. Bó bá sọ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé, kó tó di ọjọ́ Ajé, Callum á ti kà á lédè tirẹ̀. Mo ronú pé tí wọ́n bá máa lé mi, kó jẹ́ pé èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Mo lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀. Mo ti mọ orúkọ rẹ̀ í pè nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ikọ́ ló jáde.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Kò pariwo, ì bá sàn kó pariwo. Ó pe Fiona wá.

“Kí ni ìyá rẹ sọ gan-an?” ni Fiona bi mí.

“Mi ò mọ̀. Mi ò tíì gbọ́ ọ.”

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni fóònù mi dún. Tómi ti fi ohùn tí màmá mi gbà sórí gúrúùpù àdúrà wọn lórí fóònù ránṣẹ́: ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. A wọ kíṣìnì kékeré tó wà lẹ́yìn, àwa mẹ́ta, Callum ti ilẹ̀kùn. Ó ní kí n máa dá a dúró ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí n máa túmọ̀ rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá nínú Olúwa,” ni ohùn màmá mi bẹ̀rẹ̀. Ó kí wọn. Ó béèrè orúnkún Mummy Táíwò. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fún òun ní ewé tíì. Ó padà sórí orúnkún.

“Ṣé àṣírí náà nìyẹn?” ni Fiona béèrè, ojú rẹ̀ le.

“Rárá,” ni mo sọ. “Orúnkún ni.”

Ohùn màmá mi wá yí padà. “Ẹ rí i, nígbà tí ọmọ mi fẹ́ lọ, mi ò sọ fún yín. Mummy Ẹbùn, mo mọ̀ pé ó dùn yín, ẹ ò sì jẹ̀bi. Mo ti wá pinnu pé mi ò ní máa fi gbogbo nǹkan pamọ́ fún yín mọ́. Nítorí náà, mo ní prayer point kan. Ọmọ mi wà lára àwọn tó ń ṣe game kan lọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ akólẹ́tà ni, àti ìyá kan tó ń retí lẹ́tà ọmọ ẹ̀. Ó sọ gbogbo ẹ̀ fún mi. Mo mọ ẹni tó ń kọ lẹ́tà yẹn. Mo mọ ohun tó ṣe ọmọ yẹn.”

Mo di ojú mi kí n tó túmọ̀ èyí. Mo gbọ́ tí Callum fa àga. Mo tẹ fóònù pé kó máa lọ. Màmá mi wúkọ́, géètì kúlóòsì dún lẹ́yìn rẹ̀, ó ní:

“Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ fún yín.”

Mi ò túmọ̀ rẹ̀. Callum ní, “Kí ló sọ?” Ohùn náà ń bá a lọ ní tirẹ̀:

“Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wà ní secret registry, níbi tí wọ́n ń tọ́jú file àṣírí ìjọba. Minister wá, minister lọ, kò sí file kan tó ti ọwọ́ mi jáde. Ṣé ti ọmọ mi ni màá wá tú? Ohun tí mo lè sọ rèé. Tẹ́ ẹ bá ti rán ọmọ lọ sí ibi tó jìnnà rí, game yìí kàn yín. Tẹ́ ẹ bá ti pàdánù ọmọ rí, ẹ má dá nìkan wò ó o, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan jókòó tì yín. Èyí tó kù, ẹ ó fi ojú ara yín rí i. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Ẹ bá mi gbé iṣẹ́ ọwọ́ wọn sókè sí Olúwa.”

Àdúrà ló gba ìyókù. Nígbà tí mo wá rí ohùn gbé jáde, mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo sì ti wà nílẹ̀, mo jókòó fẹ̀yìn ti fíríìjì wọn, mò ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú mi. Ẹ̀rù tó bà mí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mi ò gbàdúrà kó ba ọ̀tá mi. Fiona ò rí tèmi rò. Ó ti mú bírò, ó ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé kan, ó ní kí n tún ibi “ẹ má dá nìkan wò ó” sọ. Nígbà tí màmá mi ṣe “Àmín” lórí fóònù, Fiona náà ṣe é.

Callum dìde. Ó wá ní, “Bí ìyá rẹ ṣe sọ ọ́ yẹn ni ká ṣe sọ ọ́.” Bí àríyànjiyàn ọlọ́pọ̀ oṣù ṣe parí nìyẹn. Gbólóhùn mẹ́ta ni Fiona kọ sábẹ́ fídíò tuntun, kò sí dúrọ́ọ̀ níbẹ̀, kò sí ẹni tó kú. Wọ́n sọ irú ọ̀nà tó jẹ́, wọn ò sọ ibi tó já sí. Àwọn èèyàn ò béèrè kẹ̀kẹ́ mọ́. Wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tí àwọn máa pè wá jókòó ti àwọn.

Callum ò fi ọ̀rọ̀ tèmi sílẹ̀ o. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó pè mí, ó ní mo ti tẹ ìwé lójú, kò gbọ́dọ̀ tún ṣẹlẹ̀. Ó ní ṣùgbọ́n bí nǹkan bá wúwo jù fún mi láti dá gbé, kí n wá sọ fún òun pé ó wúwo. Mo ní, “Yẹ́ẹ̀sì, sà.” Ó ní, “Callum.” Mo ní, “Yẹ́ẹ̀sì, Callum, sà.”

Màmá mi pè mí nígbà tí wọ́n ṣínu. Mo ní, “Mà, ẹ̀rù bà mí pa lónìí.” Ó ní, “Ẹ̀rù kí ni? O rò pé mo ti ń ṣarán ni?” Tómi náà ń kọ̀wé sí mi lójoojúmọ́ pé, “Ẹ̀gbọ́n, abeg, hint kékeré.” Mo ní kó lọ bẹ màmá mi. Ó ní òun ti lọ, ẹ̀bà ni wọ́n fún òun jẹ.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa láti ìgbà náà. Ìbẹ̀rù ló kọ́ wa láti máa lọ láìsọ, mi ò sì ní pè é ní ìwà òmùgọ̀, ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí ló mọ ìdí tó fi ń sá fún okùn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìlú rẹ ni wọ́n. Tí o bá kúrò láìfún wọn ní àbọ̀ ọ̀rọ̀, o ti kúrò ní ibi tí o lè máa padà sí nìyẹn. Mo pe Mummy Ẹbùn fúnra mi lọ́sẹ̀ yẹn. Mo tọrọ àforíjì. Ó jẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́ dáadáa kí ó tó ní kí n dìde, bẹ́ẹ̀ mo kúnlẹ̀ lóòótọ́, lórí kápẹ́ẹ̀tì mi ní Scotland, níbi tí kò ti lè rí mi. Mo ti wá ń jókòó jẹun báyìí, bí mo bá ń jẹun alẹ́, òun ni mo máa ń pè.

Géèmù náà jáde. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Tómi gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí pálọ̀ màmá mi, ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Obìnrin méje láti gúrúùpù àdúrà ló wá. Màmá mi ti ṣètò ìjókòó: Mummy Ẹbùn, tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kú kí wọ́n tó bí mi, ló mú jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Tómi ló ń gbá a, àwọn ìyá ń pàṣẹ fún un pé kó yà sọ́tùn-ún, kó rọra gun òkè yẹn, kó dúró mu omi ìyá náà tán.

Èmi wà nínú yàrá mi, fóònù lọ́wọ́, mi ò lè ṣe nǹkan kan. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, ó dún. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀, ìmí ni mo ń gbọ́, àti ẹnì kan lẹ́yìn tó ń fọn imú.

“Mà?”

“Ó ti ṣí dúrọ́ọ̀ yẹn,” ni màmá mi sọ.

“Mummy Ẹbùn ńkọ́?”

“Wọ́n wà níbí. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.” Ó fọn imú tirẹ̀ náà.

“Ṣé ẹ̀yin náà ń sunkún ni, Mà? Ṣebí ẹ ti mọ̀ ọ́n?”

“Mo mọ̀ ọ́n,” ni màmá mi wí. “Mo mọ ibi tó ń lọ, mo mọ dúrọ́ọ̀ tó máa ṣí. Ṣùgbọ́n ìgbà tó ṣí i, ọmọ mi, ńṣe ló dà bíi pé ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi rí.”